Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí



Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn kọ̀wé sí mi láti Texas. Ọmọ Oǹdó ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ọdẹ, fẹ́ jẹ oyè láàrin àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà sì ń múra láti wá sílé. Ó ti ra ẹ̀bùn. Ìbọn ìléwọ́ kan ni, inú àpótí onígi ló wà, idẹ ń dán lára rẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí pé: "Prof, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Kì í ṣe ìbọn gidi, ẹ̀dà ni. Ítálì ni wọ́n ti ṣe é, ìbọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ ni wọ́n wò ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìwé àṣẹ nígbà tí mo rà á. Kí ni kí n pè é tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá bi mí?"

Mi ò dúró kọ èsì. Mo pè é. Mo ní, "Má gbé e wá o. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lo dì sínú àpótí yẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Prof, ẹ̀dà ni mo wí." Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló lè kó sínú rẹ̀. Bí mo sì ṣe ń tú u, mo lọ bá ẹ̀dà ìbọn mìíràn pàdé ní Oǹdó níbi tí mi ò fọkàn sí rárá.

Ìbọn inú àpótí

Mo ní kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀dà ìbọn Harpers Ferry ni. Harpers Ferry jẹ́ ìlú kan ní Virginia nígbà náà (West Virginia ló bọ́ sí lónìí) tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ ilé iṣẹ́ ìbọn sí. Láàrin 1806 sí 1808 ni wọ́n ṣe ìbọn ìléwọ́ yìí níbẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun, òun sì ni ìbọn ìléwọ́ àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ ìjọba wọn fúnra rẹ̀ ṣe. Títí dòní, àwòrán méjì rẹ̀ tí wọ́n gbé dábùú ara wọn ni àmì àwọn ọlọ́pàá inú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i, òkúta ló sì ń ṣáná sí ẹ̀tù náà, gẹ́gẹ́ bí ṣakabùlà tiwa.

Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé Ítálì ló ń ṣe ìbọn Amẹ́ríkà? Àfonífojì kan wà lẹ́bàá ìlú Brescia tí wọ́n ń pè ní Val Trompia. Iṣẹ́ irin àti ìbọn ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀ láti ayébáyé. Ní 1526, alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Beretta ta ọ̀pá irin ìbọn 185 fún ilé ìkóhun-ìjà Venice. Ìdílé náà ṣì ń ṣe ìbọn títí dòní. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà pé 100 ọdún ní 1961, àwọn èèyàn Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ìbọn ayé ogun náà láti fi ṣe àfihàn àti láti fi yin àmì. Àwọn tó ṣẹ́kù láti ìgbà náà ti gbó, owó wọn sì ti ga. Àwọn oníṣòwò bá gba Val Trompia lọ. Ilé iṣẹ́ Pedersoli bẹ̀rẹ̀ ní 1957, Uberti ní 1959. Láti ìgbà náà, wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìbọn Amẹ́ríkà, ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú irin tuntun tó le ju ti àtijọ́ lọ.

Ibi tí ọmọ mi ti ṣì í ṣe nìyẹn. Ó gbọ́ "ẹ̀dà", ó rò pé ohun ìṣeré ni. Oríṣi méjì ni ẹ̀dà wà. Ọ̀kan wà tí kò lè yìn láéláé, tí wọ́n fi irin rírọ̀ ṣe fún ẹ̀ṣọ́ ògiri, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Denix ní Spéènì ń ṣe. Èkejì ń yìn. Kì í ẹ̀tù, ki ọta sí i, fa á, yóò pa èèyàn bí wọ́n ṣe ṣe é kó pa èèyàn ní 1806. Èkejì yìí ló wà nínú àpótí rẹ̀.

Ìbọn kan, òfin mẹ́ta

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìbọn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1968 ní ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú jẹ́ ohun àtijọ́, kò sì sí lábẹ́ òfin tó de àwọn ìbọn yòókù. Ẹ̀dà ìbọn bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ pé ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń ki sí i lẹ́nu, wọ inú àwìjàre kan náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó bi ọmọ mi ní ìwé.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, 1968 náà ni òfin tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ògbólógbòó ìbọn gidi tí èèyàn gbé kọ́ ògiri gẹ́gẹ́ bí ohun àtijọ́ kò ní wàhálà. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ṣe lánàá tó sì ń yìn, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọjọ́ orí irin ni òfin ń wò.

Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ìbọn wa ti wà láti 1959, ṣáájú òmìnira, òun náà la ṣì ń lò. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kẹta ni ṣakabùlà àti ìbọn tí wọ́n ń ki lẹ́nu, èyí tí ọdẹ àti àgbẹ̀ lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀nà kejì ni ìbọn ọdẹ ìgbàlódé. Ọ̀nà kìíní ni ohun èèwọ̀: bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́. Òfin náà ò sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwíjàre o. Ó dárúkọ ìbọn ìléwọ́ olókùúta pàápàá kún un. Ìyẹn ni pé Harpers Ferry, ì báà jẹ́ ti 1806, ì báà jẹ́ ti ọdún tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ bọ́ǹbù ló wà lójú òfin Nàìjíríà. Ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìsí àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló kéré jù.

Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín: kí ló dé tí òfin gba ṣakabùlà tó gùn ju ọmọ ọdún méje lọ láàyè, tó sì fi èyí tó kéré bẹ́ẹ̀ ṣe èèwọ̀? Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé òfin wa ò wo ọjọ́ orí ìbọn, kò sì wo ẹni tó ṣe é. Gígùn ló ń wò. Ìbọn gígùn kì í wọ àpò agbádá. Ẹni tó gbé e, gbogbo ayé ti rí i kó tó dé. Ìbọn ìléwọ́ lè sùn sábẹ́ aṣọ. Àwọn òyìnbó tó kọ òfin náà mọ̀ pé àgbẹ̀ nílò ìbọn fún ọ̀yà àti ìmàdò. Wọn ò rí ohun tí àgbẹ̀ fẹ́ fi ìbọn ìléwọ́ ṣe.

Àwọn baba wa ti pa á lówe tipẹ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká dojú ìbọn kọ òun? Láìsí apátí, ìbọn ò lè dún, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa dúró wádìí. Nítorí náà, ẹ̀dà tí kò lè yìn náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé wọ mọ́tò kiri. Ọlọ́pàá tó bá rí i lójú ọ̀nà lálẹ́ ò ní bèèrè bóyá ó ní apátí.

Ṣakabùlà inú ilé

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ yìí tán, ọmọ mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Prof, ẹ bá mi lọ ṣàlàyé fún Bàbá. Mo ti sọ fún wọn pé mò ń gbé ìbọn òyìnbó bọ̀ tó máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn tiwa, ìbọn Kírìjì." Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, Oǹdó ò jìnnà sí mi. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wọkọ̀, mo lọ kí Bàbá.

Bàbá gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí mo ròyìn òfin fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kó fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀dà òyìnbó ṣe? Èyí tó jẹ́ tiwa gidi wà nílé." Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìbọn gígùn kan jáde, wọ́n sì kọ́kọ́ fi ìwé àṣẹ ọlọ́pàá hàn mí. Wọ́n fi ọ̀pá ki ẹnu rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kí n lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ọdẹ gidi ni wọ́n.

Ìtàn tí wọ́n jogún ni pé bàbá àgbà àwọn wà lára àwọn ọdẹ tó ń sin ẹrù láti etí omi wá sí Oǹdó, tó sì ń bá a dé àgọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì. Ìbọn yìí, wọ́n ní, òun ni bàbá náà gbé lọ.

Mo bẹ Bàbá kí n fi àkísà tó ní kẹrosíìnì díẹ̀ nu ara rẹ̀. Lára irin tó wà lẹ́bàá òkúta ìṣáná, adé kan jáde, ọ̀rọ̀ kan sì wà lábẹ́ rẹ̀: TOWER. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá irin, nítòsí ibi tí iná ń gbà wọlé, àmì kékeré kan wà níbẹ̀ tó rí roboto bí ẹyin, lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, E, L, G, adé kékeré kan sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo rí adé kékeré yẹn, mo dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. TOWER ni àmì ìbọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, láti ilé ìkóhun-ìjà wọn ní Tower ti London. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà wọn lò láti nǹkan bí 1722 títí di àwọn ọdún 1830. Àwọn èèyàn wa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà mọ àmì náà, wọ́n sì fọkàn tán an. Àwọn oníṣòwò rí i, wọ́n sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Birmingham ń ṣe ìbọn tó jọ ti ọmọ ogun fún ọjà Áfíríkà. Òpìtàn wa Joseph Inikori ṣírò rẹ̀ pé láàrin 1750 sí 1807, ìbọn tó ń wọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lọ́dún kan wà láàrin 283,000 sí 394,000. Àwọn òpìtàn mìíràn ti bá a jiyàn lórí iye náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn pé ó pọ̀. Òwò ẹrú sì ni wọ́n fi ń san èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ní Birmingham fúnra rẹ̀, ìjọ Quaker yọ Samuel Galton kúrò láàrin wọn ní 1796 nítorí iṣẹ́ ìbọn tó ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù wọlé. Wọ́n ń ṣe ìbọn kan náà ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń kọ TOWER àti adé sí i lára bí ẹni pé London ló ti wá. Èyí kọjá ẹ̀dà, ayédèrú ni. Àmọ́ òfin Liège fi dandan lé e pé kí wọ́n dán ọ̀pá irin ìbọn kọ̀ọ̀kan wò kó tó jáde, kí wọ́n sì lu àmì ìdánwò ìlú wọn mọ́ ọn: ELG. Iwájú ìbọn purọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́wọ́. Ní 1893, wọ́n yí àmì náà padà: wọ́n fi adé lé e lórí.

1893! Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìjà ní nǹkan bí 1877. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886; Charles Phillips, àlùfáà CMS tó ti wà ní Oǹdó láti 1877, àti Samuel Johnson ni ìjọba Èkó rán lọ sí àgọ́ méjèèjì. 1893 gan-an ni Gómìnà Carter rí i dájú pé àgọ́ túká. Ìbọn tó ní adé lórí ELG ò lè jáde ní Liège ṣáájú ọdún náà. Ìbọn tí mo dì mú kò lọ sí Kírìjì.

Ohun tó kù nínú ìtàn

Ó ṣòro láti sọ fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ogójì ọdún ṣe ni, mi ò lè pa á mọ́ lẹ́nu nínú ilé ẹni tó gbà mí lálejò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́. Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé bàbá mi wá purọ́ fún mi nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ọ̀nà wo ni wọ́n ní ẹrù náà gbà wá?"

Bàbá ò tilẹ̀ ronú. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e láti Èkó dé Ayésàn, orí ni wọ́n fi ń rù ú láti Ayésàn dé Oǹdó, kó tó di pé wọ́n forí lé ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì.

Ọ̀nà Oǹdó gẹ́lẹ́ nìyẹn, ọ̀nà tí Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, là ní nǹkan bí 1870 kí òwò lè dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì láìgba àárín Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Akintoye kọ̀wé lórí ọ̀nà yìí ní 1969. Òun ni ohun ìjà fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtìparapọ̀, títí kan Snider, ìbọn tí wọ́n ń ki nídìí, tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1866, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó kó ránṣẹ́ sílé. Dídún àwọn ìbọn náà ló fún ogun náà lórúkọ. Bàbá ò ka ìwé Akintoye. Ẹnu bàbá wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ìtàn ẹnu náà yege níbi tí irin ti kùnà.

Báwo wá ni ìbọn ayé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe tún ń jáde lẹ́yìn 1893, nígbà tí Yúróòpù fúnra rẹ̀ ti jáwọ́ nínú ìbọn olókùúta fún bí àádọ́ta ọdún? Àwọn alágbára ayé péjọ ní Brussels ní 1890, wọ́n fòfin de títa ìbọn ìgbàlódé fún àwọn èèyàn apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta. Wọn ò fẹ́ Kírìjì mìíràn, àgàgà èyí tí wọ́n máa dojú rẹ̀ kọ àwọn fúnra wọn. Liège bá ń ṣe ẹ̀dà ìbọn ayé àwọn baba ńlá wọn, wọ́n ń tà á fún wa. Ohun tí a wá ń pè ní ìbọn ìbílẹ̀ nìyẹn. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà wò ó, wọ́n fi páìpù àti irin mọ́tò ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà.

Ẹ ò rí i pé ìbọn ọmọ mi ní Texas àti ìbọn Bàbá ní Oǹdó, ọmọ ìyá ni wọ́n? Àwọn méjèèjì jẹ́ ẹ̀dà ìbọn ológun ayé àtijọ́ tí àjèjì ṣe fún ọjà àjèjì. Ọ̀kan di ohun ìfẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lè yan èyí tó wù ú. Èkejì ni ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí wọn ò jẹ́ kó yàn.

Bàbá gba ìbọn náà padà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lé itan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Ìyẹn ni pé ìbọn ni ò lọ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ìbọn ni ò lọ."

"Bàbá lọ."

Mi ò lè búra sí i, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ọ̀nà tí ẹ kà fún mi, ẹni tó rìn ín tàbí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó rìn ín ló lè kà á bẹ́ẹ̀." Bàbá mi orí. Wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ọmọ mi ti fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ ní Texas. Ohùn Bàbá ló fẹ́ wá gbà sílẹ̀ báyìí, ibùdókọ̀ sí ibùdókọ̀, láti Ayésàn dé Oǹdó. Ẹ̀yin tí ìbọn àwọn baba yín ṣì wà nínú àjà, ẹ wò ó bóyá ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. Ẹ má gbé e jáde sójú ọ̀nà. Ẹ ya fọ́tò àmì ara rẹ̀, kì í ṣe ti iwájú nìkan o, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí àgbà tó ni ìtàn tó lọ sinmi, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé: ọ̀nà wo ni wọ́n gbà?